Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Aubrey Sọ Nílé Agogo

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwa tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lábúlé wa kì í fi ṣeré: flag. Kì í ṣe pé èèyàn ṣubú, kì í sì í ṣe àárẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ń flag, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, agbára ló ń jò kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé agogo wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nípa ẹlòmíràn. Ara ẹ nìkan lo lè sọ ọ́ sí. Tó o bá sì ti sọ ọ́, gbogbo wa á dúró, a ò ní bi ọ́ nídìí.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró dá mi dùbúlẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù tó kọjá. Àwọn méje tí a jọ ń lu agogo ló ń gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wá fún mi, wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí ara mi yá, mo ní ká jọ lu agogo oní wákàtí mẹ́ta, kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìsinmi níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gba okùn agogo lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí ẹyọ ẹnì kan bá dúró, iṣẹ́ gbogbo wa wọmi nìyẹn.

"Hilda, ṣé o jẹun?" Ọ̀gá Aubrey bi mí lọ́sàn-án Sátidé náà. Òun ló ń darí wa, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ náà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

"Mo jẹ ẹyin méjì, sà."

"Ẹyin méjì. A jẹ́ pé ẹyẹ ló fẹ́ bá wa fa okùn."

Prunella, tíṣà tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú agogo oní wákàtí mẹ́ta rí, kò bọ́ sí i. "Ẹni tó bá bà á jẹ́ fún mi lónìí," ó ní, "á wá bá mi máàkì ìwé ọgbọ̀n ọmọ."

Wákàtí méjì kọjá wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, èjìká mi ń ta mí, agogo mi sì ń pẹ́ kó tó dún. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó wò mí. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, mo wo Prunella, mo gbé e mì. Ojú tì mí débi pé mo ń sunkún. Àwọn tó bọ́ mi ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ wọn ṣòfò.

"Mò ń flag." Ohùn Ọ̀gá Aubrey ni. "Ẹ dúró."

Agogo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dákẹ́.

"Ẹ̀yin kẹ̀, sà?" Prunella rántí òfin, ó pa ẹnu dé.

"Ọjọ́ ogbó ti dé, tíṣà. Kó ìwé àwọn ọmọ ẹ wá."

Agogo tó tóbi jù ni ọ̀gá ń lù, síbẹ̀ kò sí òógùn lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ṣí ìwé ilé agogo, níbi tí a ń kọ orúkọ ẹni tó bá dá wa dúró. Láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, orúkọ rẹ̀ ò wọbẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n rárá. Prunella wo ọwọ́ náà, ó sì wò mí.

Mo sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, èmi ló rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ìwọ kẹ̀? Mi ò gbọ́ kó o sọ ọ̀rọ̀ náà."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń dúpẹ́, mo ń dúpẹ́, títí Prunella fi nu ojú mi, tó ní ká lọ mu tíì, ká wá mú ọjọ́ mìíràn tá a máa tún un lù.