Ibi Tí Ọ̀nà Kò Gbọdọ̀ Gbà

Bàbá wa, Adébùsóyè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe igbó yẹn ní igbó lásán. Oko ni ó ń pè é. Kòkó wà ní ìsàlẹ̀, obì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, ṣùgbọ́n láti etí odò gun òkè lọ, ìrókò, oganwó, arère àti afàrà ló wà níbẹ̀, bí bàbá tó bí Bàbá ṣe bá wọn. "Ìkòkò omi wa nìyẹn," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti lọ máa bu omi mu?" Òun fúnra rẹ̀, ìrókò kan ṣoṣo ni ó gé níbẹ̀ láyé rẹ̀, èyí tí ó fi kan òrùlé ilé wa ní ìlú Oǹdó, kò sì sinmi títí ó fi gbin méjì dípò rẹ̀. Àwa ọmọ lè ṣa ìgbín níbẹ̀, a lè já ewé, a lè ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ẹni tó bá gbé àáké wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ di ti ajá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ajá ti jẹ tèmi rí.

Nígbà tí Bàbá kú, àwa mẹ́ta ló kù. Adélaní ni àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Adépéjú ló tẹ̀lé e, òun ló jókòó ti oko ní kámpù, abúlé oko wa, lẹ́yìn tí ó kúrò nílé ọkọ. Àwọn ará ìlú ń pè é ní ilémọṣú, àwọn kan náà ni wọ́n sì ń lọ tọrọ èèpo igi àti ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi Reuben ni àbíkẹ́yìn, tíṣà ní Oǹdó, ẹni tí wọ́n máa ń ní kó dákẹ́ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ewú ìbáà wà lórí mi.

Ohun kan wà nínú igbó náà tí èmi àti Àǹtí Péjú mọ̀, tí ẹ̀gbọ́n wa kò mọ̀. Jùwọ́n, àkọ́bí Adélaní, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá lo ọlidé ní oko, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Kí á tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọn kì í sin ín lójú rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án títí ayé. Ó pẹ́ tí àwa ará Oǹdó ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n lórí èyí, àlùfáà wa pàápàá kò bá wa jiyàn. Èmi àti ọkùnrin méjì kan, tí àwọn náà ti kú báyìí, la sin ín sí òkè odò, níbi tí ó ti máa ń ṣa ìgbín. Àǹtí gbin orógbó síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ orógbó, igi tó máa ń pẹ́ kó tó so. Ó ní òun kò kánjú.

Àwọn tó wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agbè fọ́. Odindi ọdún kan ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ oko.

Ó wá di ọdún 1984. Ológun ti gba ìjọba, à ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n dá Adélaní náà dúró. Ó fi ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ọ̀bà-Ilé sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wá sí Oǹdó. Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pè wá sí pálọ̀ Bàbá, ó ní òun ti rí onígẹdú kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí yóò ra àwọn igi òkè odò.

"Igi la fẹ́ tà, a kò ta ilẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á," ni Àǹtí Péjú wí.

"Kí ló dé?"

Àǹtí ń wo ilẹ̀.

"Mo ní kí ló dé, Péjú? Àwọn ọmọ mi kò lọ sílé ìwé mọ́. Ṣé kí n máa wo igi, kí ebi máa pa wá?"

"Bàbá ní kí á má..."

"Bàbá ti kú. Àbí ìwọ nìkan ló bí ni?"

Mo dá sí i. Mo ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Adélaní yíjú sí mi. "Reuben, ọ̀rọ̀ igi gan-an là ń sọ. Má pa òwe fún mi." Inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí pẹ̀lú.

Nígbà tí ó jáde, Àǹtí bú sẹ́kún. Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n wa, kí gbogbo rẹ̀ lè tán.

"O fẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Jẹ́ kí ó máa pè mí ní olóríkunkun."

"Bí a kò bá sì sọ ńkọ́? Katapílà tí wọn yóò fi wọ́ igi yóò gba orí ọmọ náà kọjá."

Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì, àánú Àǹtí sì ṣe mí gidigidi.

Onígẹdú náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Adépọ̀jù ni orúkọ rẹ̀, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́, ó gbé agolo ọ̀dà pupa lọ́wọ́ láti fi sàmì sára igi. Ó fi ọwọ́ gbá ìdí oganwó kan. "Ugi yìí dáa," ni ó wí, nítorí ọmọ Àkúrẹ́ ni. "Ugi dáadáa ni," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì, ọmọ Oǹdó pátápátá tó ti gbàgbé ahọ́n rẹ̀ sí Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn.

Adépọ̀jù ní ibi tó tẹ́jú jù ni katapílà gbọdọ̀ gbà, a sì gun òkè odò lọ láti wá a. Ibẹ̀ náà ni ó tẹ́jú jù. Orógbó náà ti ga ju orí wa lọ. Igbó dí yí i ká, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Adélaní dúró. "Ta ló gbin orógbó sáàárín igbó?"

"Èmi ni," ni Àǹtí wí.

"O sì ń gbá ìdí rẹ̀?"

"Mo ń gbá a."

"Ìgbà wo lo gbìn ín?"

Mo rí i tí ó ń wá irọ́ tí yóò pa. Kò mọ irọ́ pa, kò sì mọ̀ ọ́n pa rí.

"Ọdún tí ẹ kò wá sóko," ni ó wí.

Adépọ̀jù ti ń ṣí agolo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ṣí fìlà lórí. Lẹ́yìn náà ó yára yí ẹ̀yìn sí igi náà, ó kọjú sí wa.

"Ẹ dé ọ̀dà yín, ọ̀gá," ni ó wí. "Kò sí ọ̀nà níbí."

"A lè yà á gba apá ọ̀tún..."

"Kò sí ọ̀nà. Ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú."

Ọkùnrin náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dé agolo rẹ̀. Adélaní ló ṣíwájú wa jáde nínú igbó, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé kámpù, ó ní, "Péjú, o ṣeun." Àǹtí fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó má kúnlẹ̀ fún òun.

Nǹkan kò tìtorí ìyẹn rọrùn fún wa. Adélaní kó ìdílé rẹ̀ wá sí kámpù, ó gbé àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdí kòkó ṣe bí ẹni tí kò jókòó ní ọ́fíìsì rí. Bísọ́dún, ọmọbìnrin rẹ̀, dúró nílé fún ọdún méjì kí ó tó padà sí ilé ìwé, ó sì dùn mí nítorí pé orí ọmọ náà pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àáké dé etí odò, Adélaní ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ó wá le ju Bàbá lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sì gun òkè odò mọ́.

Nígbà tí orógbó náà so, Àǹtí gbé abọ́ èso rẹ̀ kan wá sí pálọ̀ Bàbá ní ọjọ́ ọdún tuntun. Bísọ́dún ti lọ́kọ nígbà náà.

"Dádì," ni ó wí, "kí ló dé tí ẹ kì í dé ìdí orógbó yìí? Ta ló ni ín?"

Adélaní mú ẹyọ kan nínú abọ́, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Bi àǹtí rẹ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bi í nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀. Èmi kò gbọdọ̀ mọ̀."

Ó bó orógbó náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.