Àpótí Tó Dán Jù

Káfíńtà kan wà tí kò gbà kí iṣẹ́ kankan kúrò lọ́wọ́ òun láìdán. Abẹ́ tábìlì pàápàá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, ó máa ń fá a títí yóò fi jọ dígí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Aládán, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n oyè ló kà á sí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ kan fi ká a lára. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú ilé ẹyẹ igbó ní ọgbà ẹranko, yàrá gíga onínẹ́ẹ̀tì tí igi kún inú rẹ̀, tí agbe, àlùkò àti àdàbà ń gbé. Àwọn tí ọmọ náà fẹ́ràn jù ni akọ àti abo ẹyẹ dúdú kan. Bí oòrùn bá kan ìyẹ́ wọn, ẹ ó rí aró agbe, ẹ ó rí osùn àlùkò, gbogbo rẹ̀ lára ẹyẹ kan ṣoṣo. Irú wọn kò pọ̀ mọ́ nínú igbó. Inú ihò igi ni wọ́n ń yé sí, nítorí náà káfíńtà ló ń kan àpótí fún wọn.

Ọdún mẹ́ta léraléra ni wọ́n yé ẹyin tí wọ́n sì pa ọmọ, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì làwọn ọmọ kú sínú àpótí. Ọ̀gá àgbà ọgbà náà ti wá là á mọ́lẹ̀ pé bí ti ọdún yìí bá tún kú, wọn yóò kó tọkọtaya náà lọ síbòmíràn. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu ọmọ káfíńtà mọ́.

Bàbá rẹ̀ sì gbà pé igi ló ń gún wọn. Lọ́dọọdún, á tún fá inú àpótí sí i. Rándà, sáńpépà, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Tọdún yìí ló wá burú jù, ó fi ìda kùn ún. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ báyìí. Ẹ kó irinṣẹ́ yín dání."

Káfíńtà dé, ó gun àkàbà, ó ṣí ìdérí àpótí, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ẹyẹ mẹ́ta wà nísàlẹ̀, ìyẹ́ ti kún ara wọn. Ìyá wọn gbé kòkòrò sẹ́nu níta, ó ń pè wọ́n. Èyí tó tóbi jù fi èékánná mú ògiri, ó gòkè díẹ̀, ó yọ̀ wálẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún yọ̀. Káfíńtà wò ó títí, ojú sì tì í gan-an.

"Nínú igbó, ta ló ń gbẹ́ ihò fún wọn?" ó béèrè.

"Àkókó ni. Tó bá kó jáde, wọ́n á kó wọlé."

"Àkókó ò sì ní rándà."

Ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. "Mo ti rò ó láti àná, Bàbá mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín ni."

"Ò bá ti sọ ọ́, ìyá mi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Na irin ẹlẹ́nu mímú yẹn sí mi."

Ọmọbìnrin náà kó àwọn ọmọ ẹyẹ sínú fìlà bàbá rẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ rọra ṣá ògiri náà, àfi bí ẹni ń ya aṣọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló ṣá a láìwẹ̀yìn, wọ́gọwọ̀gọ, láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ihò àpótí. Wọ́n dá àwọn ọmọ ẹyẹ padà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró.

Ọ̀sán ni ọ̀gá àgbà dé láti wá wo òkú ẹyẹ. Orí kékeré kan ló yọ lẹ́nu ihò kí i. Ọmọ ẹyẹ náà wo ayé, ó já ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fò gbágungbàgun, ó sì bà sórí ẹ̀ka. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta pẹ́ díẹ̀ kí òun náà tó jáde bọ́ sínú oòrùn, tí dúdú ìyẹ́ rẹ̀ sì di aró.

Ọ̀gá àgbà gun àkàbà, ó wo inú àpótí. "Iṣẹ́ jákujàku wo nìyí? Ta ló ba inú rẹ̀ jẹ́ báyìí?"

"Èmi ni," ni káfíńtà wí, ó yọ àyà síta. Ọmọ rẹ̀ ti dì mọ́ ọn, ó ń sunkún ayọ̀ sí i lọ́rùn.