Ojú Ehoro Límátù

Kàmọ́rù kì í jókòó. Ní gáréèjì Ore, níbi tó ti ń pe èrò sínú ọkọ̀, bó o bá rí i lábẹ́ igi yìí, kó o tó ṣẹ́jú, ó ti wà lẹ́yìn bọ̀lẹ̀kájà tọ̀hún, ó ń bá dẹ́rẹ́bà jà, ó ń gba ẹrù lórí ìyá arúgbó, ó ń bú ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ́tọ̀ nígbà náà, owó epo ń ṣàn nílùú bí àgbàrá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé Kàmọ́rù káàkiri láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe èrò ọkọ̀. Ojú ehoro ni.

Límátù, ìyàwó rẹ̀, ló ni ehoro. Ọmọ ehoro funfun, kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ dúdú. Jẹ́jẹ́ ló ń pè é. Ìyá Límátù ló ṣubú ní Odigbo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ni Límátù bá ní òun ń lọ tọ́jú rẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ ti ba rédíò mi jẹ́, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ ti ba aago jẹ́, mo dákẹ́. Bí nǹkan bá ṣe Jẹ́jẹ́ mi, ilé ìyá mi ni mò ń padà sí, n kò sì ní bọ̀ mọ́."

Kì í ṣe obìnrin tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Kàmọ́rù búra pé ehoro yóò jayé ju bó ṣe jẹ ẹ́ lọ́wọ́ Límátù lọ. Koríko gbígbẹ ni Límátù ń tẹ́ sínú páálí fún un. Kàmọ́rù wo koríko, ó pòṣé. Nígbà tí gbogbo ayé ń ra fóòmù, ehoro tirẹ̀ ni yóò wá sùn lórí koríko bí ẹran igbó? Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ó lọ sí ilé ìlagi tó wà lẹ́yìn gáréèjì, ó bu ìyẹ̀fun igi tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ayùn. Ó pupa, ó kúnná, ó rọ̀ bí òwú. Ó tẹ́ ẹ nípọn. Láràárọ̀ ló ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ojú òsì Jẹ́jẹ́ wú. Ipin dí i pa.

Kàmọ́rù gbé e jáde sójú oòrùn, ó fẹ́ fi etí aṣọ nu ún. Ni Magdalene, tó ń se ìrẹsì tà nínú àgbàlá kan náà, bá na ọrùn.

"Yéè! Àpólò!" Ó fi abọ́ bojú. "Kàmọ́, má jẹ́ kó wò mí o! Àpólò ti wọ àgbàlá wa!"

"Ehoro wo ló ń ní àpólò?"

"Àwa èèyàn tó ní in, ta ló béèrè lọ́wọ́ wa?"

Kíá, ẹsẹ̀ pé. Gbogbo wọn fẹ́ wò, gbogbo wọn sì ń bojú. Ẹnì kan ní kó fún wàrà ọmú sí i. Òmíràn ní omi iyọ̀. Múdàṣírù, awakọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀kán karosíìnì kan ṣoṣo ti tó.

"Máa kán an sójú ìyá ẹ," ni Kàmọ́rù dá a lóhùn.

Ó sáré dé kẹ́míìsì, ó gba oògùn ojú, ó fi sí i. Ó jókòó tì í. Ó dìde. Ó lọ sí gáréèjì, ó pe èrò ọkọ̀ kan, ó fi í sílẹ̀ láìtíì kún, ó sáré padà wálé. Ojú ṣì wú. Ó ní bóyá ibùsùn ló dọ̀tí, ó tún lọ bu ìyẹ̀fun igi tuntun, ó dà á lé e lórí, ó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀tún náà ti ń pọ́n.

Bàbá Gbádéyan, onílé, kò pariwo. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Kàmọ́rù. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí nǹkan yẹn kúrò nílé mi. Bí ò bá kúrò, ata ń bẹ, iyọ̀ ń bẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó rẹ náà á bá wa jẹ ẹ́."

Múdàṣírù fà á sí ẹ̀gbẹ́. "Ìwọ náà ń da ara ẹ láàmú. Ehoro funfun elétí dúdú kún ọjà. Ra òmíràn. Ṣé Límátù ló bí i, tó fi máa dá a mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kàmọ́rù létí. Kò lè parọ́ pé kò wọ̀ ọ́. Ó rò ó sùn, ó rò ó jí. Ó tiẹ̀ kọjú sọ́nà ọjà. Ṣùgbọ́n bó ti gbé Jẹ́jẹ́ sókè, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti dí, tí kò ríran mọ́, tó kàn ń fi imú wá ọwọ́ rẹ̀ kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́rí padà fúnra rẹ̀. Ó wọ bọ̀lẹ̀kájà tó ń lọ Odigbo, ó gbé páálí lé itan. Yóò lọ jẹ́wọ́ fún Límátù. Bó bá máa kọ òun, kó kọ òun.

Ọkọ̀ ṣí. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó wọ inú páálí, ó fọ́n ìyẹ̀fun igi sí Kàmọ́rù lójú. Ó sín. Ó tún sín. Omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún. Ó fọwọ́ ra á, ojú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì í wo ojú rẹ̀, ó wo inú páálí, ó figbe ta.

"Àpólò! Dẹ́rẹ́bà, dúró! Bàbá àpólò àti ọmọ àpólò!"

Kàmọ́rù, tó ti já èèyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láìmọye ìgbà, àwọn èrò gbé e, wọ́n já a sílẹ̀ sínú igbó kòkó. Páálí tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun igi dà sílẹ̀, ó ku Jẹ́jẹ́ nìkan láàárín rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Kàmọ́rù bú ọkọ̀, ó bú dẹ́rẹ́bà, ó bú ọ̀nà, títí ọkọ̀ fi pòórá.

Odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀. Ó bọ́ síbẹ̀, ó bu omi bọ́jú. Ó tún bù ú. Títa náà rọlẹ̀. Ó ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ti mọ́.

Ó dúró. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó dúró gbagidi nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ilé ìlagi! Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn tí wọ́n fi àkísà di imú, tí ojú wọn pọ́n. Òun gan-an ló máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, tó ń pè wọ́n ní ìyàwó ẹlẹ́hàá. Èyí tí ọkùnrin gìrìpá ń fi aṣọ dí imú sí, òun ni òun ń dà lé ọmọ ehoro lórí láràárọ̀, tí òun ń pè é ní fóòmù.

"Kàmọ́rù, o gọ̀," ló wí sókè. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ó fi omi ṣan ojú Jẹ́jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbọn irun rẹ̀, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nù ún gbẹ. Ó fa koríko gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ́ ẹ sínú fìlà, ó fi ehoro lé e. Ó lè padà sí Ore báyìí. Ó mọ ohun tó fà á, ojú lè jinná kí Jímọ̀ tó pé, Límátù kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Ó wo ọ̀nà Ore. Ó kọrí sí Odigbo, ó ń fẹsẹ̀ rìn.

Límátù ń lọ ata lọ́wọ́ nígbà tó dé, láìwọ síńgílẹ́ẹ̀tì, láìdé fìlà. Kàmọ́rù kò jẹ́ kó kí òun. Ó rò ó tán: koríko tó dà nù, ìyẹ̀fun igi, àpólò, ọjà tó fẹ́ lọ. Ọjà yẹn gan-an, ó sọ ọ́.

Límátù dìde nídìí ọlọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Ó gba fìlà, ó gbé Jẹ́jẹ́ sójú oòrùn, ó fi ìka rọra la ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ọ̀tún yìí ti ń là," ó ní. "Ti òsì yìí, ó ti ní funfun nínú. Mi ò mọ̀."

"Límátù..."

"Ẹ jókòó."

"Mo lè dúró."

"Mo ní ẹ jókòó!"

Ó jókòó sórí àpótí. Límátù gbé ehoro lé e lórí itan. "Mò ń lọ gbé omi kaná láti fi nu ún. Bí ẹ bá mira, ó máa bẹ́ lulẹ̀. Kò ríran."

Ó wọlé. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kan fọn fèrè, ẹnì kan ń ké pé, "Ore! Ore! Ó ku ẹnì kan!" Ẹsẹ̀ Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jẹ́jẹ́ gbórí sókè. Kàmọ́rù fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń retí omi gbígbóná.