Imú Ìyá Ògúnmẹ́fun

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí bẹ́ńṣì tí a fi ń sinmi nílé ìtẹ̀wé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń to ojú-ìwé ìròyìn olóṣooṣù wa. Lóṣù yìí, iṣẹ́ Bàbá Ògúnmẹ́fun la fẹ́ gbé jáde, bàbá tó ń kun àwòrán sára ọkọ̀ akẹ́rù. Láti kékeré ni mo ti ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún, kò sì rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé rí. Mo tẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀ sórí ojú-ìwé méjì tó kọjú síra, kó lè tóbi.

Làmídì, àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Ẹ̀gbọ́n, àárín ìwé, níbi tí a ti ń gán an pọ̀, máa gbé imú màmá yẹn mì."

Làmídì tó sọ lójú àlejò, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣé òun ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́? N ò sún àwòrán náà.

Bí oorun ṣe gbé mi, ọ́fíìsì wa gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lórí odò. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyá inú àwòrán ní, "Ọmọ mi, n ò lè mí. Imú mi dà?"

A wá a títí lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rọ tí a fi ń gán ìwé wúkọ́, ó ní, "Mo ti gán an wọlé. Ẹ lọ bá ọ̀gá."

Mo bá olóòtú wa. "Ọ̀gá, imú kan sọnù."

"Níbo?"

"Láàárín ìwé."

"Àárín ló máa ń dùn jù," ló wí, ló bá di òbúkọ, ó ń jẹ ìwé náà. Mo ní kó rọra jẹun.

Ìgbà náà ni Bàbá Ògúnmẹ́fun wa ọkọ̀ dé lórí omi, ó wọ aṣọ òde, ó ń nu awò ojú rẹ̀.

"Ṣí ìwé náà, kí n rí ìyá mi."

Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà. "Bàbá, ẹ padà wá lọ́la."

"Ọgọ́rin ọdún ni mo ti ń padà wá."

Ó fa ìwé náà ṣí. Orí èmi gan-an ló wà láàárín, ìwé sì pa dé mọ́ mi.

Mo jí. Mo ti da ojú dé bẹ́ńṣì, níbi tí pákó rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, imú mi há sáàárín wọn. Làmídì dúró tì mí, ó ń mu gààrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fa ìlà sí yín nímú?"

Mo dìde. Mo wọlé, mo gbé ìyá náà lódindi sí ojú-ìwé ọ̀tún. Làmídì ń bi mí pé ta ló yí mi lọ́kàn padà.

Mo ní bẹ́ńṣì ni.