Bàbá Tí Baltasar Dáná Sun

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: àwọn Sípéènì nìkan kọ́ ló run wá. Ẹni tó bá fẹ́ kó ilé onílé, ọmọ inú ilé ló máa ń bá a di àtùpà mú. Ní Sullkamarka, ìlú wa lórí òkè, níbi tí òtútù ti ń bu etí ènìyàn jẹ, Baltasar Kusichaki ló di àtùpà náà mú.

Baltasar ni baálẹ̀ wa. Òun ló ń yan àwọn tí ń lọ wa fàdákà fún ọba Sípéènì ní òkè Potosí. Nínú ọkùnrin méje, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá sì ti lọ yóò sinmi ọdún mẹ́fà kó tó tún kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi, Rimachi, lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún márùn-ún, torí pé ó kọ̀ láti fi oko etí odò rẹ̀ sílẹ̀ fún Baltasar. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń wú. Ọjọ́ tí a sin ín, Baltasar wá kí wa. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ni yóò wá lọ dípò rẹ̀ báyìí?"

Ọkùnrin yìí ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà rìn nínú yìnyín. Ó ní ọ̀já ọrùn funfun kan tó fẹ̀ bí àwo, orí rẹ̀ á wá jókòó sáàárín rẹ̀ bí ọ̀dùnkún sísè. Ó so idà mọ́dìí; ẹ̀ẹ̀mejì ni idà náà ti gbé e ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí ayàwòrán ya kìnnìún sára asà fún òun, bíi ti àwọn ọlọ́lá Sípéènì. Ayàwòrán kò rí kìnnìún rí. Àwa náà kò rí i rí. Ohun tó yà ní ojú lama, ẹran ọlọ́rùn gígùn onírun bí àgùntàn tó ń ru ẹrù wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn wá dé pé ìránṣẹ́ ọba ń bọ̀ wá yẹ gbogbo baálẹ̀ wò. Ẹni tó bá lè fi hàn pé baálẹ̀ ni bàbá òun yóò gbàwé: òun àtọmọ rẹ̀ kò ní fojú kan ẹnu ihò fàdákà láé. Ẹni tí kò bá lè fi hàn yóò di ọ̀kan náà pẹ̀lú wa. Baltasar ò sùn mọ́. Ó lọ bẹ àlùfáà pé kó kọ lẹ́tà ìyìn fún òun. Àlùfáà bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: "Níbo lẹ kó àwọn òkú yín pamọ́ sí?"

Èmi ni ògbufọ̀ àlùfáà, torí náà etí mi ló ṣe.

A kì í sin àwọn baálẹ̀ àtijọ́. A ti sá wọn gbẹ, a wé wọn láṣọ, wọ́n jókòó nínú ihò àpáta. À ń fún wọn lọ́tí àgbàdo mu, à ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìran bá délẹ̀, aṣọ wọn ni ẹlẹ́rìí máa ń fọwọ́ lé kó tó lanu.

Baltasar fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wa lọ síbẹ̀. Kí ìtara rẹ̀ lè hàn, òkú Kusichaki, bàbá tó bí i lọ́mọ, ló kọ́kọ́ jù síná.

"Ẹ wò ó, Fadá," ó ń gbọn eérú kúrò lára ọ̀já ọrùn rẹ̀, "èmi ò bá àwọn yìí tan mọ́."

Lẹ́tà náà dùn bí oyin.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìránṣẹ́ ọba jókòó ní gbàgede, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ó ka lẹ́tà, ó mi orí. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ìwé ìrìbọmi kò tíì sí ní ìlú yìí nígbà tí wọ́n bí Baltasar, torí náà kí àgbà mẹ́ta búra pé àwọn mọ bàbá rẹ̀. Wọ́n pe Ìyá Chimpu, agbẹ̀bí.

"Mo ti ṣe tán," ìyá ní. "Ẹ gbé aṣọ Kusichaki wá, kí n fọwọ́ lé e."

Wọ́n na àgbélébùú sí i.

"Igi yìí kò mọ Kusichaki. Kò sí níbẹ̀."

Òógùn bo Baltasar nínú òtútù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi!"

"Mo gbẹ̀bí rẹ. Ìyá rẹ ni mo rí tó ń rọbí. Ẹni tó fún un lóyún, òun ló lè sọ. Lọ bi í."

Bàbá Wamanchi ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ohun tí mo fi ń búra ti di eérú. Ṣé eérú ni kí n bù dání?" Àgbà kẹta ò tilẹ̀ dìde.

"Gbogbo yín lẹ máa lọ Potosí!" Baltasar pariwo.

"Ọmọ mi mẹ́ta wà níbẹ̀," Ìyá Chimpu dáhùn. "Wọ́n á kí mi káàbọ̀."

Baltasar yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi dáadáa, sọ fún ìránṣẹ́ ọba pé wọ́n ti gbà."

Àbúrò. Mo túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì tu ú níyẹ̀ẹ́. Mo túmọ̀ èyí tó sọ fún mi pẹ̀lú.

Baltasar sáré gbé asà rẹ̀ jáde. Ìránṣẹ́ ọba wò ó pẹ́.

"Àgùntàn wo nìyí?"

Ó wá sọ ohun tí akọ̀wé rẹ̀ yóò kọ: "Baltasar. Kò ní bàbá tí a mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ara rẹ̀ le. Kó bá àwọn ti ọdún yìí lọ sí Potosí."