Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Màmá Ìbídùn Wo Ẹsẹ̀ Wọn

Ẹ̀yin dókítà ẹgbẹ́ mi, kí a tó nawọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ bóyá ká máa tọ́jú aláìsàn lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú oorun lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń takò ó jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún yín pé ara tí ọwọ́ mi kò bá kàn, mi ò lè tọ́jú rẹ̀.

Mo ti rí aláìsàn mọ́kànlélógójì lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n fẹ̀yìn ti àga díẹ̀, ni oorun bá gbé mi lọ.

Yàrá tí mo ti ń gba aláìsàn gbéra nílẹ̀, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn di fáìlì mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn lọ. Nígbà tí a kọjá òrùlé, ọ̀gá àgbà ọsibítù wa gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Wọ́n ní láti òní lọ, fóònù la ó máa fi rí aláìsàn, torí kò sí àkàbà tó gùn tó. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń bá mi jiyàn ni ìwo ti yọ lórí wọn, wọ́n di òbúkọ, wọ́n sì jẹ ìwé náà. Mo bi wọ́n pé kí la wá fẹ́ ṣe báyìí. Wọ́n ní tàwọn ti parí, ìwé ti wọlé. Mo fún wọn lága.

Fóònù mi dún. Màmá Ìbídùn ni, ìyá arúgbó kan tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru fún láti ọdún mẹ́ta. Òdìkejì odò ni abúlé wọn wà. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi kan àti ọ̀kadà méjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí wọn lójú fóònù. Ẹsẹ̀ wọn ti wú ju ilé wọn lọ, àwọn adìẹ sì ti bà lé e lórí.

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ọsibítù. Wọ́n rọra fèsì pé ẹsẹ̀ náà kò gba inú ọkọ̀ ojú omi.

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá wò ó láti òkè, tí mo ṣì í wò ńkọ́? Mo bẹ ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àyà pé kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ó ní okùn òun kò gùn tó, àti pé èmi ni mo ní etí, kì í ṣe òun.

Màmá Ìbídùn gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Dókítà, ọmọ mi, ọwọ́ yín jìnnà, àmọ́ èmi náà lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí màá fi í ṣe.”

Mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà, ká jọ kà dé márùn-ún. A kà á. Ọ̀gá àgbà fi ohùn òbúkọ bá wa kà á. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ kò dìde. Mo rí ihò náà kedere. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń mí dáadáa, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ kan ni, wọ́n ní méjèèjì ni, ìkejì wà lẹ́yìn ilé. Mo bi wọ́n ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

“Látìgbà tí ẹ ti pààrọ̀ oògùn mi ni.”

Ojú tì mí díẹ̀. Mo sọ oògùn tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn adìẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá mi náà sì ń bọ̀ nílẹ̀, ó bà sí àgbàlá Màmá Ìbídùn. Wọ́n kí mi kú ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbé omi fún mi.

Mo jí. Àtàǹpàkò mi ti wọ inú búrẹ́dì tí mo fẹ́ fi jẹun ọ̀sán. Mo yọ ọ́, mo kà dé márùn-ún. Ihò náà ò dìde.

Mo wá fóònù, mo pe Màmá Ìbídùn. Wọ́n ní lóòótọ́, ẹsẹ̀ àwọn ti ń wú láti ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ àwọn ti gbọ́ pé mi ò fẹ́ kí aláìsàn máa pè mí. A sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mo sì pààrọ̀ oògùn wọn. Ẹsẹ̀ náà ti ń rọ̀ báyìí.

Ó yá, ẹ ka ọwọ́. Tèmi ti wà lókè.