Àwọn Tó Mọ́lẹ̀ Bàìbàì

Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, Dámisọ́lá ò tíì sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Pálọ̀ ilé wọn ní Makun ló jókòó sí, tó ń ka gálásì lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ò mọ̀ pé òkú wà nílẹ̀.

Odidi ìlú ìràwọ̀ ni gálásì kan. Àwọn tó fún mọ́ra ní mẹ́rin, márùn-ún, bí ará ilé kan, ni Dámisọ́lá ń tò bí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe pọ̀ sí. Àwọn tó mọ́lẹ̀ yòò pọ̀. Àwọn bàìbàì ò tó nǹkan. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì bi í pé, "Ṣé wọn ò sí níbẹ̀ ni, àbí ìwọ ni o ò rí wọn?" Ó ti kọ èsì sílẹ̀: wọn ò sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Afọláyan, àkọ́bí wọn, fi pósítà òkú ránṣẹ́ sí i pé kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi orúkọ Dámisọ́lá sábẹ́ ti àbúrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e sókè, ìyókù dáa. Ìyẹn nìkan lojú ọ̀mọ̀wé rí.

Lọ́sàn-án yìí, Lásúnkànmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lẹ táyà ní Ògèrè, kó ogójì pósítà dé. Òun ló ń wẹ bàbá fún ọdún mẹ́fà tí wọn ò lè dìde. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Ó hàn dáadáa," ó ní.

Dámisọ́lá ka orúkọ àwọn ọmọ. Ẹnjiníà, lọ́yà, gbogbo ẹ̀ gbogbo ẹ̀, márùn-ún. Ó tún un kà. Mẹ́fà ni bàbá bí.

"Bọ̀dá mi, orúkọ yín ò sí níbẹ̀."

"Mo rí i nílé ìtẹ̀wé."

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé gbogbo yín lẹ jọ fẹnu kò sí i. Wọ́n ní ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn."

Ojú tì í, àmọ́ omijé ò wá. Ó lọ mú bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Èsì tó kọ fún ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀rọ náà: wọn ò sí níbẹ̀. Ó pa á rẹ́. Ó padà síbi ògiri, ó kọ Lásúnkànmí sí ipò kejì, níbi tí wọ́n bí i sí.

"Má yọra ẹ lẹ́nu," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Bírò ò lè hàn lókèèrè."

Dámisọ́lá na ọwọ́ gba pósítà kejì. Ó ku mọ́kàndínlógójì.